Ààlè Mi Tó Wà Lóko Rẹ

                                                            Agbo Ilé Àmọ̀dá,
                                                            Ọ̀nà Joju,
                                                            Ọ̀tà.
                                                            Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Júùnù, 1944.

Jìbírílù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

N kò gba oko rẹ. Mo fẹ́ kí o ka ìyẹn kí n tó kí ọ, nítorí mo mọ̀ ọ́ dáadáa: bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, wàá ní mo ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo nǹkan mọ́lẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mo sọ pé ilẹ̀ rẹ tó wà ní Ilo-Awela ti di tèmi. N kò sọ ọ́ nílé, n kò sọ ọ́ lọ́jà, n kò sì rò ó nínú ọkàn mi. Ẹni tó ròyìn fún ọ rí nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó rí kọ́ ni ohun tó rò.

Mo ti sọ ọ́ tán, ó kù kí n kí ọ. Báwo ni ara? Ṣé ibà tó mú ọ nínú ọkọ̀ ojú omi ti fi ọ́ sílẹ̀? Ṣé oúnjẹ inú agolo yẹn náà ni ẹ ṣì ń jẹ? Láwàlì ńkọ́? Bá mi kí i, kí o sọ fún un pé Ràfátù ìyàwó rẹ̀ wà dáadáa, ọmọ wọn ti ń rìn, ó sì ti ń bú àwọn àgbàlagbà. Ní tiwa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a wà láàyè. Ìyá rẹ, tí mo ń pè ní ìyá mi láti ìgbà tí tèmi ti kú, ṣì ń jí kí ládánì tó pe ìrun. Orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà òjò. Àbúrò rẹ Àdìzát ti ga jù mí lọ báyìí, ó sì ń fi ìyẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Àgbò dúdú tí o fi sílẹ̀ ti kú. Ìyá wa kò jẹ́ kí n kọ ọ́ sí ọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún ọ, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà rẹ fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Bóyá o ti gbàgbé ẹni tó ń ka lẹ́tà rẹ fún ìyá wa. Èmi ni. Láti ọjọ́ tí o ti wọ lọ́rì àwọn sójà ní ìkóríta Ṣàngó lọ́dún 1941, kò sí ẹlòmíràn tó ka lẹ́tà rẹ nínú ilé yín. Nítorí náà, nígbà tí èyí tí o kọ ní oṣù Fẹ́búárì dé, ní ọjọ́ Àtàláátà kan lóṣù Épírì, ìyá wa ránṣẹ́ pè mí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi, Àdìzát bu omi wá, mo ṣí ìwé náà, mo sì ń kà á sókè. Mo ka ìkíni. Mo ka ti òjò tí kì í dá níbẹ̀. Mo ka ti àwọn ènìyàn tí o rí lẹ́bàá ojú irin ní ilẹ̀ Íńdíà, tí ebi ti sọ di egungun, tí ìyá ń na ọmọ rẹ̀ sókè sí ẹ̀yin sójà pé kí ẹ mú un. Ìyá wa fi ìborùn nu ojú wọn. Mo ṣí ojú ìwé kejì, mo sì dé ibi tí o kọ ọ́ sí pé: “Ẹ sọ fún Sírájú kó jáde lóko mi. Mo gbọ́ pé ó ti fi ààlè rẹ̀ gba ilẹ̀ mi. N kò mọ̀ pé olè ni mo ń bá jẹun nínú àwo kan náà.”

Mo lè fò ó. Ìyá wa kò mọ̀wé, Àdìzát kò mọ̀wé, kò sì sẹ́ni tí ìbá mọ̀. Ṣùgbọ́n mo kà á bí o ṣe kọ ọ́, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Mo kà á parí. Ìyá wa ní, “Ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kejì.” Mo kà á. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ọmọ yìí ti jẹ́ kí òjò ibẹ̀ wọ òun lórí.” Àdìzát rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ẹ̀rín rín. Mo ká ìwé náà, mo sì fi sínú àpò ẹ̀wù mi, nítorí bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ méjì sí ìgbà náà, oko rẹ ti lọ nìyẹn. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Ṣé o rántí bí ayé ṣe rí kí ogun yìí tó dé? Nígbà tí a ń dáko pọ̀, tí a bá sun iṣu tán, àpò iyọ̀ ìyá rẹ ni a máa ń gbé sílẹ̀ láàárín, tí oníkálùkù á máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ bí ẹni tó ni òkun. Ní báyìí, iyọ̀ tí mo rí lá láàárín oṣù mẹ́ta kò kún ṣíbí. A máa ń tò fún un láti àárọ̀, bí ó bá kan ẹni mẹ́ta tó wà níwájú rẹ, wọ́n á ní ó ti tán. Karosíìnì náà ńkọ́? Òṣùpá ni àtùpà wa. Mo máa ń rántí máàpù ayé tó wà lára ògiri kíláàsì wa. Tíṣà a máa fi ọ̀pá tọ́ka sí i, a ní gbogbo ibi tó pọ́n níbẹ̀, ti ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìwọ lo bi wọ́n pé Ọ̀tà dà níbẹ̀. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i, wọ́n bá fi pẹ́ńsù ṣe àmì kékeré síbẹ̀, inú wa sì dùn bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni a dá ìlú wa sílẹ̀. Nígbà yẹn, ara ògiri ni ayé wà. Bí agogo bá ti lù tí a bá jáde, a ti fi í sílẹ̀ síbẹ̀ nìyẹn. Kò sí ibi tí ènìyàn yóò yà sí mọ́ báyìí tí kò ní bá a pàdé.

Wọ́n ní Jàpáánì ti gba ilẹ̀ tí òyìnbó ti ń rí epo àti rọ́bà, ni àwọn ènìyàn ìjọba bá wá sí Ọ̀tà, wọ́n ní kí tọmọdé tàgbà máa fọ́ èkùrọ́. Jámánì ń ri ọkọ̀ lójú òkun, àwa ni a kò rí iyọ̀ jẹ. Faransé ṣubú, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wà ní òdìkejì ibodè kò rí ọ̀nà wá sin òkú arábìnrin wọn. N kò mọ ẹnì kan nínú gbogbo àwọn tó ń jà yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí kò wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ mi. Bàbá mi ní nǹkan tuntun kọ́. Wọ́n ní ní ọdún tí òwò kòkó kọ́kọ́ bàjẹ́, akọ̀wé oníkòkó sọ fún wọn pé Amẹ́ríkà ló fà á, pé báńkì wó lọ́hùn-ún. Bàbá mi bi í pé, “Ta ni Amẹ́ríkà? Ìgbà wo ló dé oko mi?” Wọn kò tíì rí ẹni dá wọn lóhùn títí di òní.

Gààrí ni ó wá kan oko rẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba fi iye lé gààrí tí wọ́n ń tà l'Ékòó, iye náà sì kéré, nítorí náà àwọn tó ní in ń gbé e pamọ́, wọ́n ń tà á ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀gẹ́ wá di ohun tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń wá kiri. Ọkùnrin oníṣòwò kan láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ya Ọ̀tà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń bá àwọn olórí ẹbí sọ̀rọ̀, ó ń wá ilẹ̀ tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún tó kọjá, Bàbá Fọláwẹwọ́, olórí ẹbí yín, pe ìpàdé. Wọ́n ní ilẹ̀ tí ọkọ́ kò bá kàn fún ọdún mẹ́ta ti padà sọ́wọ́ ẹbí, àti pé tìrẹ ti pé ọdún méjì àti oṣù mélòó kan. N kò bá wọn wí. Ìlànà ẹbí yín ni, owó orí sì wà lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n ìyá wa délé, wọn kò jẹun alẹ́. Ilẹ̀ yẹn ni wọ́n fi gbé ọ dàgbà.

Mo lọ bá Fàlílù, tó ṣì jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ àáró wa. O mọ bí ó ṣe rí: àwa mẹ́jọ ni a bẹ̀rẹ̀ àáró ọdún tí o lọ, o ti bá àwa méje ṣiṣẹ́ lóko wa, ó ku tìrẹ nìkan, lọ́rì sójà bá dé. Mo ní kí Fàlílù kó àwọn yòókù jáde lọ san ọjọ́ iṣẹ́ rẹ fún ọ. Ó ní àáró kì í kọjá ọdún, pé ẹni tó fi oko sílẹ̀ ló fi àáró sílẹ̀. Mo ní ẹ̀yìn tó tẹ̀ lóko ẹni kì í nà padà nítorí pé ọdún yí. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, “Sírájú, ṣé ìwọ ni ìyàwó Jìbírílù ni?” Mo ní bí mo bá jẹ́ ìyàwó rẹ, ǹ bá ti kọ̀ ọ́, nítorí o kì í tètè kọ̀wé. Gbogbo wọn fi mí ṣẹ̀sín. Inú bí mi. Mo gbé ọkọ́ mi, mo sì lọ ṣe é fúnra mi.

Èmi nìkan ni mo ṣán igbó yẹn, Jìbírílù. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, nítorí oko tèmi náà wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí. Mo kọ ebè, mo gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ kí òjò ìkẹyìn tó lọ. Mo máa ń rántí bí a ṣe máa ń sáré dé òpin poro nígbà kan, tí ìwọ á kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n tí ebè rẹ á máa wọ́ bí ejò tó mu ẹmu. Ní ọjọ́ tí mo dá wà níbẹ̀, mo sáré dé òpin poro, mo wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Mo jókòó. Mo jẹ iṣu mi láìsí iyọ̀, mo sì rò ó pé bóyá wèrè ni mo ń ṣe.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí, n kò sì ní fi í pamọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, olè bẹ̀rẹ̀ sí í wu ẹ̀gẹ́ gbogbo oko tó wà lójú ọ̀nà yẹn, nítorí gààrí ti wọ́n. Èyí tí mo gbìn kò tíì tó wú, ṣùgbọ́n ta ló ń bi olè léèrè? Mo ní kí n pa ààlè síbẹ̀. Mo wá ìgbálẹ̀ àti ṣùkù àgbàdo, mo wá nǹkan tí màá so mọ́ ọn kiri, mo bá mú àfọ́kù síléètì ilé-ìwé mi. Ìwọ àti gbogbo Ọ̀tà mọ̀ pé tèmi ni síléètì yẹn. Mo so ó rọ̀ sí igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà oko, mo sì bá tèmi lọ. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ààlè ẹni ni orúkọ ẹni. Ìbá jẹ́ àkísà ẹ̀wù rẹ ni mo lọ gbà lọ́wọ́ ìyá wa, tàbí bàtà rẹ kan, gbogbo ẹni tó ń kọjá ìbá mọ̀ pé oko Jìbírílù ni wọ́n ń ṣọ́. Èmi fi síléètì mi síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń lọ pọnmi ń kà á pé: oko Sírájúdéènì rèé.

Ràfátù ń lọ sódò, ó rí i, ó sì ní kí akọ̀wé tó ń jókòó ní ìkóríta Ṣàngó kọ ọ́ sí Láwàlì ọkọ rẹ̀. Láwàlì sọ fún ọ. Má bá wọn jà. Mo bá Ràfátù sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, mo ní kí ló dé tí kò kọ́kọ́ bi mí. Ó gbé omi rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, “Ohun tí mo rí ni mo ní kí wọ́n kọ. Ṣé síléètì Jìbírílù ló wà níbẹ̀ ni?” 

Bàbá Fọláwẹwọ́ náà gbọ́. Ní oṣù Máàṣì, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí iwájú ẹbí yín, oníṣòwò ará Èkó yẹn sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Wọ́n bi mí pé ta ló fún mi ní ilẹ̀ ẹbí wọn. Mo ní kò sẹ́ni tó fún mi, pé mo ń ro ó fún Jìbírílù. Wọ́n ní, “Jìbírílù rán ọ?” Mo ní rárá. Wọ́n ní, “Ààlè ta ló wà níbẹ̀?” Mo ní tèmi ni. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan láti ẹ̀yìn ní, “Ẹ ò rí i pé ọmọ yìí jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.” Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò dára, ṣùgbọ́n ìyá wa di ẹ̀wù mi mú láti ẹ̀yìn.

Bàbá Fọláwẹwọ́ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí gbogbo wa dákẹ́. Wọ́n ní ẹnu kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí, ọkọ́ ni yóò parí rẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ Àlàmísì kan lóṣù Épírì, nígbà tí òjò bá ti rọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá mọ̀ pé ìwọ lo ni oko yẹn, kí ó gbé ọkọ́ rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní orúkọ rẹ. Ọwọ́ tó bá ṣiṣẹ́ ni ẹ̀rí. Bí èmi nìkan bá tún dá wà níbẹ̀, á jẹ́ pé oko mi ni mo ń ṣe lóòótọ́. Ẹbí yóò lé mi kúrò, wọn yóò sì fún ará Èkó ní ilẹ̀ náà. Mo gbà. Kí ni mo tún lè ṣe?

Ọjọ́ Àtàláátà tó ṣáájú ọjọ́ náà gan-an ni lẹ́tà rẹ dé. Ó yé ọ báyìí. Ìwọ tí o ni oko fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé olè ni mí. Bí Bàbá Fọláwẹwọ́ bá rí i, kò sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Àdìzát tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ó ní, “Bùrọ̀dá Sírájú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí ẹ ń jà fún ti bú yín.” Mo ní kó lọ sùn. N kò ní purọ́ fún ọ, mo rò ó. Mo rò ó dé ìdí rẹ̀. Ohun tó dá mi dúró ni àwọn ènìyàn tí o rí lẹ́bàá ojú irin lọ́hùn-ún. Mo ní ṣebí àwọn náà ní oko nígbà kan. Ṣebí ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ fún ara rẹ̀ pé kò kan òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, mo tètè dé oko. Mo gbé igbá kan sílẹ̀, mo sì kó èkùrọ́ dání. O mọ ìlànà àáró: ẹni tó bá wá, a gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kí a lè san ọjọ́ kan padà fún un lóko tirẹ̀. Mo ti sọ fún ara mi pé ẹnikẹ́ni tó bá yọjú, màá ju èkùrọ́ kan sínú igbá, màá sì fi ọwọ́ ara mi san ọjọ́ náà, kí o má baà bá gbèsè iṣẹ́ nílé. Lẹ́tà rẹ wà nínú àpò mi. Oòrùn yọ, kò sẹ́nì kankan. Bàbá Fọláwẹwọ́ dé pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n jókòó lórí kùkùté. Ará Èkó dúró sójú ọ̀nà, kò fẹ́ kí ìrì mú bàtà rẹ̀ tutù. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. N kò wo ẹ̀yìn.

Fàlílù ló kọ́kọ́ dé. Kò kí mi. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, “N kò wá nítorí tìẹ o. Jìbírílù bá mi wu ẹ̀gẹ́ lọ́dún tí ìyá mi kú, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi ṣe tán. Ẹni tó dákẹ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni mo wá ṣiṣẹ́ fún.” Mo ju èkùrọ́ kan sínú igbá. Àwọn márùn-ún tó kù nínú àáró tẹ̀lé e, mo ju márùn-ún. Bàbá mi dé, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n ní kí n yẹra fún àwọn. Mo ju ọ̀kan. Ràfátù gbé ọmọ pọ̀n, ó gbé ọkọ́ Láwàlì lérí, ó ní bí òun bá rí nǹkan lónìí, òun á tún ní kí wọ́n kọ ọ́. Mo ju ọ̀kan fún un, mo tún ju ọ̀kan fún Láwàlì, nítorí ọkọ́ rẹ̀ ni. Àwọn ará Joju mẹ́ta wá, tí ọmọ wọn wà nínú ogun bíi tìrẹ. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí wá, ó ní ọmọ òun wà pẹ̀lú yín ní Bọ́mà, òun kò sì gbúròó rẹ̀ láti Kérésìmesì. Ó bi mí bóyá ọwọ́ obìnrin ṣe é kà. Mo ju èkùrọ́.

Mo kà dé mọ́kàndínlógún. Nígbà náà ni ẹ̀rín sọ láti ìhà kejì, mo gbọ́ tí Fàlílù ń pariwo mọ́ ẹnì kan pé, “Má tò ó kó gún régé bẹ́ẹ̀, àbí o fẹ́ kí Bàbá sọ pé kì í ṣe oko Jìbírílù ni? Jẹ́ kó wọ́!” Gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè náà ní wíwọ́, àgbà àti èwe, wọ́n ń bú ọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé ojú sókè. Àwọn kan ń bọ̀ láti ọ̀nà odò, àwọn kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Ṣàngó, àwọn mìíràn ti wọ inú oko láti ẹ̀yìn tí n kò mọ ìgbà tí wọ́n dé. Èkùrọ́ kù lọ́wọ́ mi. Mo dúró bẹ́ẹ̀. Ojú mi kò ríran dáadáa, má bi mí léèrè ohun tó fà á.

Bàbá Fọláwẹwọ́ ké sí mi láti orí kùkùté. Wọ́n ní, “Mélòó ni wọ́n?” Mo ní, “Bàbá, mo ti ṣíwọ́ kíkà.” Wọ́n wo inú oko títí. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n lọ bá ará Èkó lójú ọ̀nà, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ní kí n lọ tú síléètì mi kúrò lórí igi, kí n sọ fún ìyá rẹ kí wọ́n wá fi ohun tìrẹ síbẹ̀. Ìyá wa mú fìlà rẹ wá lọ́jọ́ kejì, èyí tí o fi ń lọ kírun Jímọ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, òjò ti pa á, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè mọ́ pé oko ta ni.

Ó yẹ kí n ti kọ̀wé yìí láti oṣù méjì, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí ọ. Ó ti rọ̀ báyìí. N kò fi lẹ́tà rẹ han ẹnikẹ́ni, mo sì ti jó o níná ìdáná ìyá wa, kí ó má baà sí ohun tí wàá tọrọ àforíjì lé lórí. Bí àwọn òyìnbó tó ń ṣí lẹ́tà bá ka èyí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo kí àwọn náà. Kí wọ́n tètè parí ìjà wọn. Ìyá wa ní kí n kí ọ, wọ́n ní kí o máa bo orí. Àdìzát kí ọ. Bàbá mi kí ọ. Fàlílù ní òun kò kí ọ, ṣùgbọ́n ó ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá o ti kọ̀wé.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn, nítorí èmi ni mo fà á. Nígbà tí o bá dé, wàá fẹ́ san ọjọ́ iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí padà, wàá sì bi mí pé àwọn wo ni. N kò ní lè dá ọ lóhùn. Gbé ọkọ́ rẹ, bẹ̀rẹ̀ láti oko tó bá kọ́kọ́ kàn ọ́ ní ọ̀nà, má sì fo ẹnikẹ́ni. Màá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Èmi ni tìrẹ, bí o tilẹ̀ bú mi,

Sírájúdéènì Àmọ̀dá.